Bí Mo Ṣe Rìnrìn-àjò Dé Ẹ̀pẹ́ Nítorí Ìwé Ọbẹ̀ Tí Kò Jẹ́ Ìpè

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó jókòó kọ ọ́, torí ìyàwó mi tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà kò tíì gbà mí gbọ́ títí di òní. Ó ní ọkùnrin wo ló ń lọ bá kọ̀ǹpútà jà ní Ẹ̀pẹ́, tí yóò wá padà wálé pẹ̀lú ikùn tó ṣáájú rẹ̀ wọlé. Mo ní iṣẹ́ ni mo lọ ṣe. Ó ní òun náà rí iṣẹ́ ọ̀hún, ó wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Ẹ̀yin ará Ìtamága, ẹ̀yin aládùúgbò mi tí a jọ ń jí ní ìdájí láti sáré dojú kọ Èkó, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo la mọ̀. Bí a bá ti yọ ní géètì, apá Èkó ni ọrùn wa máa ń yí sí fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kejì, èyí tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, a kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni. Ta ló ti tọ̀ ọ́ dé òpin rí nínú yín? Èmi tí mò ń sọ yìí, ọmọ Ìwó ni mí. Mo ti dé Kánò, mo ti dé Kùtọnú. Àkọ́bí mi ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí a kó wá sí Ìkòròdú, ó ti wọ yunifásítì báyìí, ẹsẹ̀ mi kò sì dé Ìmọ̀tà rí. Nítorí náà, ẹ má fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Àjò ni mo lọ.

Ohun tó gbé mi dìde

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń to ìwé fún àwọn atẹ̀wé ni mo ti ń jẹun. Ìwé máa ń wá bá wa ní ìhòòhò, àwa la ó wọ̀ ọ́ láṣọ kó tó jáde síta. Láyé òde òní, irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wá ní ohun tí wọ́n ń pè ní XML. Ẹ má bẹ̀rù. XML kò ju pé kí á di nǹkan kọ̀ọ̀kan sínú ewé, kí á sì kọ orúkọ ohun tó wà nínú ewé náà sára rẹ̀: èyí ni ọbẹ̀, èyí ni èròjà, èyí ni bí a ṣe ń sè é. Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ ìlànà tí ẹ̀rọ yóò fi tú àwọn ewé náà. Inú ìlànà yẹn ni àwọn òfin kéékèèké wà tí a ń pè ní témpléètì. Témpléètì kan á wí pé, "Ibi tí o bá ti rí ọbẹ̀, kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sókè." Òmíràn á wí pé, "Ibi tí o bá ti rí èròjà, tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan." Témpléètì á pe orúkọ, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà á dáhùn, iṣẹ́ á máa lọ.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn ńkọ́? Ẹ̀rọ náà kì í bínú, kì í sì í ṣàlàyé. Á kàn da gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé sílẹ̀ gbàràmù, láìsí ìlà, láìsí àlàfo, bí ìgbà tí ìdí àpò gàrí bá já láàárín títì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé Alhaja Músílímátù gan-an nìyẹn. Alhaja yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ní Ẹ̀pẹ́. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìlú ní oúnjẹ sísè títí irun rẹ̀ fi funfun, ó wá jókòó kọ ìwé lórí ọbẹ̀ ẹja ọ̀sà. Ṣàkírù, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ló bá a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo fi ìlànà mi ránṣẹ́ sí Ṣàkírù. Ṣàkírù pè mí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, gàrí ló dà sílẹ̀ o."

"Fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó."

"Alhaja ò gbà. Wọ́n ní ẹni tó ń se ọbẹ̀ kì í gbé ìkòkò kiri ìlú kó tó jinná."

Ó wá gé ègé kan jáde láàárín ìwé náà, ọbẹ̀ kan ṣoṣo, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ tèmi. Ó jáde bí ẹyin, orúkọ lókè, èròjà nísàlẹ̀, kò sí àléébù kankan.

"Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi," mo ní.

"Kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa," ó ní.

Báyìí la ṣe ń ju ọ̀rọ̀ yìí síra wa, mo sì ń fi ẹ̀rín sí i, mo ń bi í bóyá iyọ̀ ọ̀sà ló ti wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àfi ọjọ́ tí Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, kò sì kánjú.

"Ọmọ mi, ó pẹ́ tí mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé mò ń kọ ìwé. Wọ́n ti sọ ọ́ ní ìwé afẹ́fẹ́. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní kí n bá àwọn kí i. Bí kò bá jáde lọ́sẹ̀ yìí, màá fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé kò sí ìwé kankan, kí wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kó tán. Mi ò kọ́ àwọn ọmọ wọn ní oúnjẹ sísè kí n wá di oúnjẹ ẹnu wọn."

Ẹ̀rín mi gbẹ. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mò ń lọ sí Ẹ̀pẹ́.

"Ẹ̀pẹ́ wo, Dádì?"

"Ẹ̀pẹ́ kan ló wà."

"Ẹ mú súwẹ́tà dání," ó ní, bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń lọ.

Ìmọ̀tà

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín lágara. Mo wọ̀ ọ́, ó gbéra.

Imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Bí a ṣe ń súnmọ́ Ìmọ̀tà, òórùn ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ojú fèrèsé, kì í ṣe ti ìrẹsì tó ti jinná, ti èèpo rẹ̀ ni, bí òórùn koríko tí oòrùn ti yan. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run ṣí. Mi ò mọ̀ pé ojú ọ̀run fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tiwa ní Ìtamága, wáyà iná ti gé e sí wẹ́wẹ́.

Ibẹ̀ ni bàbá àgbẹ̀ kan ti wọlé tì wá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ irúgbìn ata lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Ẹ wo ohun tó ṣe: ó kí gbogbo wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kí ọmọbìnrin tó wà níwájú, ó kí dírẹ́bà, ó kí èmi, ó sì dúró de ìdáhùn kí ó tó kọjá sórí ẹlòmíràn. Àwa tí a bá ti wọ mọ́tò, ojú fóònù la máa ń kí. Ìtìjú mú mi, mo fi tèmi sápò.

"Níbo lẹ ń yún?" ó bi mí. Ní apá ibẹ̀ yẹn, "yún" ni wọ́n ń pe "lọ". Ibi tí èdè ti yí padà lẹ́nu ẹni tí ẹ jọ jókòó, ẹ mọ̀ pé ẹ ti dé àjò nìyẹn.

"Ẹ̀pẹ́ ni, bàbá."

"Ta lẹ ní níbẹ̀?"

"Mi ò ní ẹnìkan. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ewé, mo sọ ti orúkọ ara ewé, mo sọ ti témpléètì tó ń pè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Bàbá gbọ́ mi tán pátápátá.

"Ẹ ń pè é, kò dáhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ẹ wá wọ mọ́tò, ẹ ń yún bá a nílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ ìyàwó mi àkọ́kọ́ náà nìyẹn."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ já ìdarí ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ dírẹ́bà.

Agbówá

Agbówá ni bàbá ń lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n kọjá. Ó ní àlejò kì í gba ìlú òun kọjá lẹ́nu gbígbẹ. Mo wo dírẹ́bà pé kó gbà mí. Dírẹ́bà ti sọ̀kalẹ̀, ó ti ń fọ ọwọ́.

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà la jókòó sí. Láti ibẹ̀, èèyàn lè rí omi ọ̀sà tó ń dán lẹ́yìn àwọn oko ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kan tó dúró sójú kan bí ẹni pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n gbé gàrí wá, omi tútù, àti ẹja ọ̀bọ̀kún yíyan tí awọ rẹ̀ ṣì ń dún bí ewé gbígbẹ. Mo bu omi sí gàrí mi. Mo wò yíká. Mo ṣe àṣìṣe tí ọmọ estate máa ń ṣe.

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè rí ṣúgà díẹ̀?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé àárẹ̀ ń ṣe yín ni?"

"Rárá, bàbá."

"Tàbí gàrí wa ló ń ṣàárẹ̀?"

Mo mu ún bẹ́ẹ̀. Ó kan, ó mú eyín mi pọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni ẹja wá dé tẹ̀ lé e pẹ̀lú iyọ̀ àti èéfín rẹ̀, mo sì rí i pé ṣúgà tí mo ti ń kó sínú gàrí láti kékeré, ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni. Bàbá ń wò mí. Nígbà tí mo na àwo síwájú fún ẹ̀ẹ̀kejì, ó mi orí sí dírẹ́bà pé ó ti yé mi.

Ó fi ìdì ata kékeré kan lé mi lọ́wọ́ nígbà tí a ń lọ, pé kí n gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Mi ò ní ẹ̀yìnkùlé. Sìmẹ́ńtì ni lándílọ́ọ̀dù wa fi tẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo gbà á.

Ẹ̀pẹ́

Èéfín ẹja ló ń kí èèyàn káàbọ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ó rọra ń bọ̀ láti àwọn àgbàlá, ó ń wọ aṣọ rẹ láìtọrọ ààyè. Mo sọ̀kalẹ̀ ní àdúgbò tí Ṣàkírù júwe fún mi, mo sì pe fóònù rẹ̀. Fóònù ti kú. Ó hàn pé iná kò tíì dé lọ́jọ́ náà.

Ẹ rántí pé ohùn Ṣàkírù nìkan ni mo mọ̀, mi ò rí ojú rẹ̀ rí. Mo wá nọ́ńbà ilé títí, mi ò rí nọ́ńbà. Ní estate wa, bí o bá ti mọ nọ́ńbà, o ti mọ èèyàn. Níbẹ̀, ògiri kò ní ohun tí yóò bá ọ sọ. Mo bá dúró láàárín ọ̀nà, mo pe orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ṣàkírù! Ṣàkírù!"

Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ o. Àwọn ọkùnrin mélòó kan ń ta ayò. Ọkùnrin onífìlà aláwọ̀ ewé kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tó tì, ó ń wò mí tààrà bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tó mira.

Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń yí ẹja lórí ààrò rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ló ṣàánú mi. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Gáníyù.

"Ta lẹ ń ké pè láti àárọ̀?"

"Ṣàkírù ni, màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ṣàkírù ilé wo?"

"Mi ò mọ ilé rẹ̀, màmá."

"Ẹni tí ẹ ò mọ ilé rẹ̀, ẹ wá ń sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ìwé la jọ ń ṣe. Ìwé ọbẹ̀ Alhaja Músílímátù."

Ojú rẹ̀ là. Ó gbé irin tó fi ń yí ẹja sílẹ̀ kí ó lè ráyè rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Ìwé Músílì. Ẹ wá láti ibo nítorí ìwé Músílì?"

"Ìkòròdú, màmá."

"Ẹ kú ìrìn o. Bí ẹ bá rí ìwé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí i dáadáa. Ẹ ní ó pẹ́ tí mo ti ń gbúròó rẹ̀." Ó nu ojú, ó yí ẹnu sí ọ̀nà, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ṣàkírù ilé Ọlọ́kọ̀."

Ọkùnrin onífìlà aláwọ̀ ewé dìde.

Mo wò ó, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá?"

"Ṣàkírù, ṣé o ò gbọ́ nígbà tí mò ń ké ni?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé Ṣàkírù mìíràn lẹ ń wá. A pọ̀ níbí. Ẹni tó bá ń wá èmi, á sọ pé ilé Ọlọ́kọ̀."

"Ohùn mi ò jọ ti orí fóònù?"

"Ẹ máa ń bú mi lórí fóònù," ó ní. "Èyí ń bẹ̀bẹ̀."

Ìwé tí kò dáhùn

Alhaja gbà mí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Obìnrin kúkúrú ni, ó tún hìjáàbù rẹ̀ ṣe bí tíṣà tó fẹ́ wọ kíláàsì. Kò bi mí nípa ìwé rárá. Ó bi mí bí ọ̀nà ṣe rí, ó bi mí nípa ìyàwó mi, ó bi mí nípa ọmọ mi, ó bi mí ní ìlú mi, mo ní Ìwó ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ̀rín bá ti òde wọlé, mo rí i tí ó ń tẹ́tí bóyá òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Iná dé, a jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù Ṣàkírù tó so mọ́ ilé náà. Mo kọ́kọ́ wo orúkọ. Nínú ìwé, "ọbẹ̀" ni. Nínú ìlànà mi, "ọbẹ̀" ni. Àmì kan kò yàtọ̀. Mo ní kó ṣiṣẹ́. Gàrí dà.

Mo wá kọ témpléètì kan tó dà bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì wa: ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, bi í léèrè orúkọ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọjá. Ọbẹ̀, èròjà, èròjà, èròjà, sísè, ọbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, orúkọ tí mò ń pè gan-an ni wọ́n sì ń jẹ́. Mo padà, mo pe "ọbẹ̀". Wọ́n dákẹ́.

Mo mú ègé tí Ṣàkírù fi ránṣẹ́ sí mi nígbà náà, mo fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbẹ̀. Ó jáde kedere. Nítorí náà, ẹ̀rọ Ẹ̀pẹ́ kò jẹ̀bi, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ikùn mi.

"Ẹ̀gbọ́n," Ṣàkírù ní, "ṣé ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Má bá mi ṣeré."

"Mo kàn bi yín ni."

Ṣọ́ọ̀bù gbóná. Ìyá Gáníyù yọjú lẹ́ẹ̀kan láti bèèrè bóyá ìwé ti jí. Ṣàkírù ní ó ṣì ń sùn. Ó ní kí a má jí i o, ọmọ tó bá pẹ́ lójú oorun ló máa ń dàgbà. Mo gbọ́ bí Alhaja ṣe ń rẹ́rìn-ín fún un nínú ilé, ẹ̀rín tí a fi ń sin àlejò síta. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo dojú kọ iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀.

Ẹja lẹ́nu

Alhaja ló lé wa kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní ebi kì í túmọ̀ ìwé.

Ìkọ́kọrẹ́ ni. Ẹ̀yin ará ilé, mi ò mọ ìkọ́kọrẹ́ tẹ́lẹ̀, àfi èyí tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tan èèyàn ní àwọn búkà wa. Iṣu ewùrà ni wọ́n rin, wọ́n sì dà á sínú ọbẹ̀ tó ń hó kó di òkìtì kéékèèké tó rọ̀ bí ètè ọmọ. Epo yí i ká. Ẹja èpìyà wà nínú rẹ̀ lódindi, edé sì ń yọjú níhìn-ín lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ fi ṣíbí jẹ ẹ́. Alhaja gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

"Ọmọ ilé ta ni yín ní Ìwó?" ó bi mí.

Mo sọ ilé wa fún un. Ó ní kí n tún un sọ, kí òun lè mọ ẹni tí òun ń bọ́.

"Ṣàkírù, omi."

Ṣàkírù ti dìde kí ó tó sọ ọ́ tán. Mo rí i. Mo gbé ọwọ́ dúró lágbede méjì àwo àti ẹnu.

"Alhaja, ẹ ò pè é ní Ṣàkírù ilé Ọlọ́kọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín mi. "Ṣé inú ilé Ọlọ́kọ̀ kọ́ la wà ni? Ẹnu ọ̀nà ti sọ ọ́. Ẹni tó bá ti bá ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, ọmọ Ọlọ́kọ̀ ni, a kì í tún un pè sí i lórí. Ará ìta ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́."

Ẹja wà lẹ́nu mi, mi ò jẹ ẹ́, mi ò gbé e mì.

Gbogbo ìwé XML ló ní ẹnu ọ̀nà, ìlà àkọ́kọ́ tó gba gbogbo nǹkan tó kù sínú. Ẹ̀rọ tí Ṣàkírù fi tẹ ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà ti kọ orúkọ ilé kan síbẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ìwé tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà, gbogbo ọbẹ̀ àti gbogbo èròjà inú rẹ̀ ti di ọmọ ilé yẹn, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sí wọn lórí. Mo rí ìlà náà nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí ìwé náà. Mo fò ó, bí a ṣe máa ń fo ìkíni orí lẹ́tà láti sáré dé ibi ọ̀rọ̀. Èmi, ọmọ Ìwó, ẹ̀yà Ọ̀yọ́, tí wọ́n ní ìkíni ni iṣẹ́ wa.

Ìlànà mi, ará ìta ni. Ó dúró sí títì, ó ń ké "ọbẹ̀, ọbẹ̀", gbogbo ọbẹ̀ sì jókòó, wọ́n dé fìlà aláwọ̀ ewé, wọ́n ń wò ó. Ègé tí Ṣàkírù gé fún mi ńkọ́? Àárín ilé ló ti fà á yọ, kò bá ẹnu ọ̀nà jáde. Ó dé Ìkòròdú láìní ilé, ẹni tó bá ṣáà ti pè é ló ń dá lóhùn.

"Kí ló dé?" Alhaja bèèrè. "Ṣé egungun ni?"

Mo gbé ẹja náà mì. "Alhaja, mo ti rí ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ parí oúnjẹ yín ná," ó ní. Mo parí rẹ̀. Ẹ̀rù tíṣà kì í tán lára èèyàn.

Àtúnṣe náà kò ju kékeré lọ. Mo kọ orúkọ ilé náà sí orí ìlànà mi. Nítorí pé orúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń gùn bí oríkì, mo fún un ní ìnagijẹ, "ilé" lásán, mo sì fi í ṣáájú orúkọ nínú témpléètì kọ̀ọ̀kan: ilé:ọbẹ̀, ilé:èròjà, ilé:sísè. Mo ní kó ṣiṣẹ́. Orúkọ àwọn ọbẹ̀ yọ gàdàgbà lókè ojú ewé, Ṣàkírù sì fò sókè. Ṣùgbọ́n kò sí èròjà kankan lábẹ́ wọn. Wọn kò dà sílẹ̀ bíi gàrí mọ́, wọn kò wá rárá. Mo tún wò ó. Mo ti pè wọ́n dáadáa lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n níbi tí ìlànà mi ti wọ inú ọbẹ̀ kan lọ kó èròjà rẹ̀, mo ti gbàgbé, mo tún ń pe orúkọ lásán. Ìwà ará ìta kì í kúrò lára èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tún ìyẹn náà ṣe.

Ó jáde. Ojú ewé tẹ̀ lé ojú ewé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣàkírù ń pariwo bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Mo gbé ojú ewé àkọ́kọ́ lọ fún Alhaja ní ọwọ́ méjì.

Ó wọ awò rẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mira. Ó yí i padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn, kò sí. Ó tún kà á láti òkè.

"Èyí ni mo kọ," ó ní. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó ti fọ ojú, ó ní mi ò ní lọ síbi kankan lónìí, wọ́n ti tẹ́ ẹní fún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Ohùn ìjà ló jí mi.

Mo yọ jáde pẹ̀lú súwẹ́tà tí ìyàwó mi dì fún mi, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà tutù lówùúrọ̀, ẹ má sọ fún un. Ìyá Gáníyù jókòó sí pálọ̀. Láti ìdí ìkòkò ló ti wá tààrà. Ìwé wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka lé ìlà bí ẹni ń lé èèrà.

"'Kí epo má tíì gbóná tán kí a tó da àlùbọ́sà sí i.' Músílì, ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Epo á kọ́kọ́ gbóná."

"Nínú ilé tiyín nìyẹn."

"Nínú ilé gbogbo ayé ni. Èyí tó wà níbí yìí ńkọ́, pé kí á fi edé sí ọ̀bọ̀kún? O fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa se irú eléyìí?"

"Sọ fún wọn kí wọ́n má sè é. Ó wà nínú ìwé."

Bí ó ṣe sọ gbólóhùn yẹn, mo wo ojú rẹ̀. Alhaja ń jà, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ọmọ tuntun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi í bóyá ìwé rẹ̀ wà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò bi í mọ́. Wọ́n ń bi í nípa àlùbọ́sà.

Ìyá Gáníyù ju ìwé sílẹ̀, ó lọ ilé rẹ̀, ó gbé ìkòkò dé. Alhaja náà wọ ilé ìdáná. Mo fẹ́ yọ́ lọ sí ibùdókọ̀, Ṣàkírù ti dúró síwájú ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, àlejò ni yín. Ẹ ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni adájọ́."

Báyìí ni mo ṣe jókòó, tí oòrùn kò tíì gòkè, pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ ọ̀bọ̀kún méjì níwájú mi àti obìnrin àgbàlagbà méjì tó ń ṣọ́ bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo tọ́ ti ọ̀tún wò. Mo tọ́ ti òsì wò. Mo ronú nípa ọ̀nà ilé mi. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà le, mi ò sì lè dájọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bu díẹ̀ kún méjèèjì.

"Ọmọ Ìwó gbọ́n," Ìyá Gáníyù ní, ó sì bu kún un.

Ó tún fa ìwé súnmọ́ra nígbà tí mò ń jẹun, ó ń wá ibòmíràn tí yóò ti bá a jà. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ipa ìka epo pupa kan ti dúró láàárín ojú ewé gbágbáágbá. Ṣàkírù figbe ta, ó sáré mú tíṣù.

Alhaja di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Tẹ òmíràn fún àwọn atẹ̀wé. Èyí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."